Ìbéèrè Òǹkàwé: Irin Àtíbàbà Tó Tú Lára Ògiri Ọkọ̀-Ilé

Lẹ́tà mẹ́ta la rí gbà lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àkọ́kọ́ ló kún jù, nítorí náà òun la ó fún ní àyè tó pọ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. A ra ọkọ̀-ilé àlòkù kan, irú ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú, tí àwọn ará ibí fi ń rìnrìn àjò afẹ́. Àtíbàbà aláṣọ kan wà lára rẹ̀ lápá ẹnu ọ̀nà, èyí tí a máa ń nà síta kí àwọn ọmọ lè rí ibòji jókòó sí. Bọ́tìnnì la fi ń nà án, iná bátìrì ló sì ń lò. Nígbà tí a lọ sí etíkun Galveston, ìjì kan gbé àtíbàbà náà sókè lójijì, láti ìgbà náà sì ni irin tó di apá rẹ̀ iwájú mú mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri ti ń mì. Síkúrúù mẹ́ta ló wà nínú irin náà: ọ̀kan ti já bọ́, àwọn méjì tó kù sì ń yí lófìfo bí mo bá fún wọn. Fáíbà tín-ín-rín ni ògiri náà, mo sì rí i pé fóòmù funfun ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àna mi ní kí n ra síkúrúù tó gùn tó sì nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí n fi sílíkóònù kún inú ihò náà, kí n sì fún un le dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìyẹn á tó? — Bàbá Ìbejì, Houston.

ÌDÁHÙN

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu ìjì o. A dúpẹ́ pé irin nìkan ló tú, tí kò fò lu ẹnikẹ́ni. Ohun tí àna yín sọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe, òun náà ló sì máa ń sọ ihò kékeré di ihò ńlá. Kì í ṣe kíkúrú ni síkúrúù yín kúrú tó fi tú. Ohun tó yẹ kí eyín rẹ̀ rí mú ni kò sí níbẹ̀ mọ́, tàbí tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi síkúrúù tó nípọn jù síbẹ̀, ẹ ó kàn jẹ ìwọ̀nba fáíbà àti pákó tó ṣẹ́ kù ní àyíká ihò náà tán ni.

Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Indiana, pàápàá ní agbègbè Elkhart, bí àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ sì ṣe ń mọ ògiri wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Awọ fáíbà ló wà níta, tí kì í sábà nípọn ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ. Pílíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifísọ̀n sínú páálí, lẹ́yìn fóòmù ni pílíwúùdù mìíràn tó dojú kọ inú ilé. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, àpapọ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ohun tó le gidi nínú ògiri bẹ́ẹ̀ ni àwọn irin àlúmíníọ̀mù onígun mẹ́rin tí inú wọn ṣófo, tí wọ́n tò sáàárín fóòmù náà. Àwọn ni a ó máa pè ní egungun ògiri nínú ìdáhùn yìí. Síkúrúù tó bá wọ egungun ti rí ibi dì mú. Èyí tó bá ṣì í, awọ fáíbà àti pílíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn nìkan ló gbára lé, nítorí pé fóòmù kò lè di nǹkan kan mú.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí kò fi tú láti ọjọ́ yìí. Ìdí ni pé kì í ṣe ìgbà gbogbo ni àtíbàbà ń fa ògiri. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́, ìwúwo aṣọ àti ọ̀pá rẹ̀ ń ti irin ìsàlẹ̀ mọ́ ara ògiri ni, nítorí náà síkúrúù tí kò di nǹkan gidi kan mú lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìsí ẹni tó máa fura. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá gba abẹ́ aṣọ wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa irin náà síta, á tún máa tì í padà, síwá sẹ́yìn, títí ihò yóò fi fẹ̀. Òjò náà ń ṣe tirẹ̀. Bí omi bá rọ́ sí àárín aṣọ, tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 5 péré, tí ibi tó dúró sí sì fẹ̀ ní mítà kan lóòró àti níbùú, kílógíráàmù 50 ni omi náà wọ̀n, ìyẹn odindi àpò sìmẹ́ńtì kan.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ọ̀rọ̀ ààbò kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Àtíbàbà onímọ́tọ̀ bíi tiyín sábà máa ń ní sípíríǹgì tàbí ọ̀pá onígáàsì nínú apá rẹ̀, èyí tó ń ti apá náà síta nígbà gbogbo kí aṣọ lè le. Bí ẹ bá tú irin ìsàlẹ̀ láìkọ́kọ́ so apá náà, ó lè fò jáde pẹ̀lú agbára tó lè fọ́ eyín ènìyàn. Ẹ ká àtíbàbà náà wọlé pátápátá, kí ẹ fi okùn tó lágbára de apá náà ní ibi méjì, lókè àti ní àárín, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan dì í mú bí ẹ ti ń tú síkúrúù. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà bátìrì kúrò, ẹ yọ okùn iná tó ń ti ìta wọlé, kí ẹ sì pa jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó ní irú àtíbàbà àtijọ́ tí ọwọ́ ni wọ́n fi ń nà án gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ: sípíríǹgì tó wà nínú ọ̀pá tí aṣọ ń ká mọ́ máa ń wà ní wíwé pinpin, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yọ apá kúrò lára ọ̀pá náà láìkọ́kọ́ fi pín-ìnnì há sípíríǹgì yẹn mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tiwa kò dé ibẹ̀, nítorí pé irin ìsàlẹ̀ nìkan la fẹ́ tú.

Nígbà tí irin náà bá kúrò, ẹ má ṣe yára mú ẹ̀rọ ìluhò. Ẹ kọ́kọ́ wo inú àwọn ihò náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá rí etí àlúmíníọ̀mù tó ń dán, a jẹ́ pé egungun wà níbẹ̀, ihò rẹ̀ ló kàn gbòòrò. Bó bá jẹ́ fóòmù nìkan lẹ rí, ẹni tó kọ́kọ́ de àtíbàbà náà ló ṣì í. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ tẹ̀ lórí wọnú ihò náà, kí ẹ yí i kiri. Bí ó bá kan ohun líle ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó mọ ibi tí egungun wà sí ihò yín. Ohun kejì tí ẹ ó wò ni omi. Pílíwúùdù tó dúdú, tó rọ̀, tàbí tó ń rùn bí ilẹ̀ tútù fi hàn pé omi ti ń gba ihò síkúrúù wọlé tipẹ́. Ẹ fi oríkèé ìka kan ògiri náà láti ẹ̀bá ihò lọ sí ọ̀ọ́kán: ibi tí gbogbo rẹ̀ ṣì lẹ̀ pọ̀ yóò dún bí ohun tó le, ibi tí awọ fáíbà ti ṣí kúrò lára fóòmù yóò dún bí ohun tó ṣófo, nígbà mìíràn ojú lásán yóò tilẹ̀ rí i pé ó wú. Bí ibi tó wú náà bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ògiri irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè de irin mọ́ ògiri tó ń jẹrà lọ.

Bí ó bá gbẹ, ẹ wá egungun. Mágínẹ́ẹ̀tì kò ní ràn yín lọ́wọ́, nítorí pé kì í mú àlúmíníọ̀mù. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wá irin lẹ́yìn ògiri ilé lè rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń ṣini lọ́nà nígbà mìíràn. Ọ̀nà tó dùn mọ́ wa jù ni èyí tí kò náni ní kọ́bọ̀: ní òwúrọ̀ tí ìrì bá sẹ̀, ẹ lọ wo ara ògiri náà láti ẹ̀gbẹ́ kí oòrùn tó là. Àlúmíníọ̀mù máa ń gba ooru kọjá ju fóòmù lọ, nítorí náà ìrì kì í rí bákan náà lórí egungun àti lórí fóòmù, ẹ ó sì rí ìlà àwọn egungun náà gbọọrọ lójú fáíbà. Ẹ tètè fi téèpù sàmì sí i kí ó tó gbẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ kan náà máa ń fi àwòrán ọkọ̀ wọn àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Winnebago ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dára kí ẹ wò bóyá ti ẹni tó ṣe ọkọ̀ yín wà níbẹ̀.

Nísinsìnyí, bí egungun bá wà lẹ́yìn ihò náà gan-an tó sì jẹ́ pé ihò rẹ̀ ló gbòòrò, iṣẹ́ yín rọrùn. Àlúmíníọ̀mù inú ògiri náà kò nípọn, nítorí náà eyín síkúrúù kan tàbí méjì péré ló ń mú un, bó ti wù kí síkúrúù náà gùn tó. Ohun tó dára jù síkúrúù lọ níbẹ̀ ni nọ́ọ̀tì kan tí a máa ń tẹ̀ mọ́ inú irin bíi rífẹ́ẹ̀tì, tí àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ ń pè ní rivnut. Ẹ ó lu ihò náà fẹ̀ dé ìwọ̀n tí ìwé inú páálí rẹ̀ sọ, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 9 sí 10 fún bóòtù tó nípọn ní mìlímítà 6, ẹ ó fi irinṣẹ́ rẹ̀ fà á títí yóò fi wú lẹ́yìn àlúmíníọ̀mù náà, bóòtù gidi yóò sì lè wọ inú rẹ̀. Ẹ rántí pé etí nọ́ọ̀tì náà gbọ́dọ̀ jókòó sórí àlúmíníọ̀mù fúnra rẹ̀. Bó bá jókòó sórí fáíbà, pílíwúùdù tó wà láàárín ni ẹ ó máa tẹ̀ rún nígbà tí ẹ bá ń fún bóòtù.

Ọ̀rọ̀ le díẹ̀ bó bá jẹ́ pé egungun kò sí níbẹ̀, ohun tí a sì fura sí nínú lẹ́tà yín nìyẹn. Ẹnì kan lè ní kí ẹ sún irin náà lọ síbi tí egungun wà. Ẹ má ṣe é: gígùn apá àtíbàbà ló pinnu ibi tí irin náà gbọ́dọ̀ wà, bí ẹ bá sì sún un ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, apá náà kò ní ká wọlé dáadáa mọ́. Ọ̀nà méjì tó dára ló kù.

Èyí tí àwa fẹ́ràn jù ni kí bóòtù la ògiri já sínú ilé, kí ẹ sì fi àlúmíníọ̀mù pẹlẹbẹ tó nípọn ní mìlímítà 3 ó kéré tán, tó sì fẹ̀ bí ìwé ńlá kan, há a láti inú. Ẹ wo inú ilé ní ọ̀gangan ibi tí irin náà wà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí abẹ́ ìjókòó ló sábà máa ń bọ́ sí, níbi tí ojú àlejò kò ní dé. Àlúmíníọ̀mù pẹlẹbẹ náà yóò pín agbára tí ìjì bá fi fà á káàkiri ojú ògiri tó fẹ̀, dípò kí ó kó o sórí ihò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kàn: fóòmù ló wà láàárín, bí ẹ bá sì ń fún bóòtù náà láti ìhà méjèèjì, ògiri yóò máa tẹ̀ wọnú, awọ fáíbà yóò sì sán. Nítorí náà, ẹ ge páìpù àlúmíníọ̀mù kékeré tí bóòtù lè gba inú rẹ̀ kọjá, kí gígùn rẹ̀ bá nípọn ògiri dọ́gba gẹ́lẹ́, kí ẹ sì fi í sínú ihò náà kí bóòtù tó wọlé. Páìpù yẹn ni yóò gba agbára nọ́ọ̀tì, ògiri kò sì ní mọ̀ pé ẹnì kan ń fún nǹkan.

Bí kò bá sí bí ẹ ṣe lè dé ẹ̀yìn ògiri, bóyá nítorí pé ilé ìwẹ̀ tàbí fíríìjì ló wà níbẹ̀, ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi àlúmíníọ̀mù pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 5 sí ìta, kí gígùn rẹ̀ lè dé egungun tó wà lápá òsì àti apá ọ̀tún. Ẹ ó de é mọ́ àwọn egungun wọ̀nyẹn, kí ẹ tó wá de irin àtíbàbà mọ́ àárín rẹ̀. Kò lẹ́wà tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kùn ún ní àwọ̀ ọkọ̀, ẹni tí kò mọ̀ kò ní bi yín. Ní ìsàlẹ̀ ògiri, ẹ tún yẹ ibi tí ilẹ̀ ọkọ̀ gbà pàdé ògiri wò, nítorí pé irin tàbí pákó tó nípọn sábà máa ń wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà mélòó kan péré ni ihò yín fi jìnnà sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, àlúmíníọ̀mù tó gùn lóòró ni ẹ nílò, kì í ṣe èyí tó gùn níbùú.

Kí wá ni a ó ṣe sí ihò àtijọ́? Epoxy ni ẹ ó fi dí i, irú gọ́ọ̀mù alágolo méjì tí a máa ń pò pọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ilé mọ̀ sí Araldite. Ẹ tẹ ìṣó lórí, ẹ fi í sẹ́nu ẹ̀rọ ìluhò, kí ẹ rọra fi ha fóòmù tó wà ní àyíká ihò náà jáde láàárín awọ méjèèjì, títí àyè tó fẹ̀ bí ẹyọ owó ńlá yóò fi ṣí sílẹ̀ nínú. Ẹ po epoxy náà mọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ tó ń mú un ki, ẹ fi síríǹjì tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. A tẹnu mọ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí pé epoxy tó bá pọ̀ lójú kan máa ń gbóná nígbà tó bá ń gan, ooru rẹ̀ sì lè yọ́ fóòmù. Bí ó bá ti gan, ẹ lè lu ihò tuntun gba àárín rẹ̀, omi kò sì ní rí ọ̀nà wọ inú fóòmù láti ibẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ló sọ ọ̀nà yìí di ti gbogbo ayé. Bó ti dára tó, kì í ṣe epoxy nìkan ni a ó gbé irin àtíbàbà lé: ó lágbára tó láti má ṣe jẹ́ kí síkúrúù sún sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n awọ tín-ín-rín méjì yẹn náà ló ṣì ń di òun fúnra rẹ̀ mú bí ìjì bá ń fà á síta.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lo gọ́ọ̀mù polyester tí àwọn tó ń lù ara mọ́tò nílé fi ń lẹ bọ́ńpà fáíbà tó fọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára bọ́ńpà. Tí ẹ bá dà á sórí fóòmù funfun, yóò jẹ fóòmù náà tán lójú ẹsẹ̀, nítorí pé kẹ́míkà inú rẹ̀ tí ń jẹ́ styrene ń yọ́ irú fóòmù bẹ́ẹ̀. Acetone náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà sípírítì ni kí ẹ fi nu ibẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń lu fáíbà, ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú ibẹ̀ kí ó má bàa sán, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ yí sẹ́yìn títí yóò fi gé awọ dídán òkè, kí ẹ tó jẹ́ kí ó yí síwájú. Ẹ fi orí ìluhò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ rọra gé etí ihò náà kí ó dà bí orí síkúrúù, nítorí pé etí tó mú ni ibi tí fáíbà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Kí ẹ tó lu ohunkóhun láti ìta, ẹ wo inú ilé bóyá wáyà iná, páìpù omi tàbí páìpù gáàsì gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wọ ìbòmú, nítorí pé eruku fáíbà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ti sílíkóònù tí àna yín dárúkọ, a kò fẹ́ ẹ níbẹ̀ rárá. Ó ń dí omi fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá ṣí, kò sí gọ́ọ̀mù mìíràn tàbí ọ̀dà tí yóò lẹ̀ mọ́ ibi tó ti kàn, kódà kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tó ti gan. Téèpù aláàtè tí wọ́n ń pè ní butyl ni kí ẹ fi sẹ́yìn irin náà, kí ẹ wá fi gọ́ọ̀mù polyurethane, irú bíi Sikaflex, yí etí rẹ̀ ká lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ láìdí, kí omi tó bá ṣèèṣì wọlé lè rí ọ̀nà jáde. Bóòtù irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù náà kun eyín rẹ̀, nítorí pé irú irin bẹ́ẹ̀ àti àlúmíníọ̀mù kì í gbé pọ̀ ní àlàáfíà bí omi bá wà láàárín wọn, pàápàá omi iyọ̀ etíkun bíi ti Galveston: àlúmíníọ̀mù ni yóò máa jẹ. Inú ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ni gọ́ọ̀mù polyurethane ti ń gan, nǹkan bíi mìlímítà 3 láàárín wákàtí 24. Ọ̀rinrin Houston tí gbogbo èèyàn ń ráhùn sí yóò wúlò fún yín lẹ́ẹ̀kan yìí. Ẹ fi àtíbàbà náà sílẹ̀ láìnà títí gọ́ọ̀mù yóò fi gan.

Ohun ìkẹyìn fún Bàbá Ìbejì: irin tó wà lẹ́yìn, àti àwọn tó wà lókè lára ọ̀pá gbọọrọ tí aṣọ ti jáde, ìjì kan náà ló fa gbogbo wọn. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé ti òkè náà ń gbé nínú ẹrù náà.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú àárọ̀ o. Ìlú London ni mo wà, ọkọ̀-ilé tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Yúróòpù ni mo ní. Inú àpótí gígùn kan ni àtíbàbà tiwa ń ká sí, wọ́n sì fi irin mẹ́ta de àpótí náà mọ́ òkè ògiri. Mo rí ìlà wẹ́wẹ́ tó ń sán káàkiri irin àárín, ṣùgbọ́n irin náà kò mì. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà sọ pé kò sí irin kankan nínú ògiri rẹ̀. Ṣé kí n fi ọ̀dà kùn ún, kí n sì gbàgbé rẹ̀? — Ìyá Adùkẹ́, London.

ÌDÁHÙN

Ẹ má gbàgbé rẹ̀, Ìyá Adùkẹ́. Ìlà wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ti awọ dídán òkè nìkan, kò sì ní burú púpọ̀; ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àyíká irin ló ti ń jáde bí ìtànṣán, ohun tó ń sọ ni pé ògiri náà ń tẹ̀ wọlé tó sì ń jáde níbẹ̀. Òótọ́ ni ẹni tó tà á sọ: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù ni ògiri wọn jẹ́ fáíbà, fóòmù àti fáíbà tàbí pákó láìsí egungun irin, ìdí sì nìyẹn tí bóòtù fi gbọ́dọ̀ la ògiri já, kí irin pẹlẹbẹ sì há a nínú. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè nínú ilé ní ọ̀gangan irin kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí wọ́ṣà kékeré nìkan lẹ́yìn nọ́ọ̀tì, tàbí tí ẹ kò rí nọ́ọ̀tì rárá, ẹ ti rí ohun tó fà á. Ẹ fi àlúmíníọ̀mù pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ fún Bàbá Ìbejì, páìpù inú ògiri náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn.

Nígbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe sí inú ilé rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ọ̀rinrin kan ògiri lábẹ́ irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n sì kọ iye tó jáde sílẹ̀ fún yín. Bí kò bá tó 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ara ògiri le. Bí ó bá kọjá 20, omi ń wọlé láti ibì kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá ibẹ̀ rí kí ẹ tó de irin kankan padà. Bí ó bá kọjá 30, ó ṣeé ṣe kí pákó inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti parí ni ọ̀dà tó kàn.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀wọ́, bí a bá ti tún irin àtíbàbà de dáadáa, ṣé a lè fi sílẹ̀ ní nínà mọ́jú? Ọkọ mi ní kò séwu. — Òǹkàwé yín ní Atlanta.

ÌDÁHÙN

Ẹ bá wa kí ọkọ yín, ṣùgbọ́n ẹ máa ká a wọlé lálẹ́ àti nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń kúrò nídìí ọkọ̀. Lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí igun kan rẹ̀ relẹ̀ ju èkejì lọ kí omi òjò lè ṣàn dànù, kí ẹ sì fi okùn tó ní sípíríǹgì so ọ̀pá iwájú rẹ̀ mọ́ èèkàn nílẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ jókòó pẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Bí aṣọ bá ti ń lù pàpà nínú afẹ́fẹ́, àsìkò tó láti ká a. Àwọn àtíbàbà onímọ́tọ̀ kan wà tó ní ẹ̀rọ tí ń ká wọn wọlé fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, ó sì lè jẹ́ pé òun ni ọkọ yín gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ bí afẹ́fẹ́ ti le tó, bí apá àtíbàbà ṣe ń mì ni wọ́n ń wò, nítorí náà ìjì tó bá dé lójijì yóò ti gbé aṣọ sókè kí mọ́tọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.